Ẹsẹ̀ mélòó ni akàn ní gan-an?

Ẹ bi èèyàn mẹ́ta pé ẹsẹ̀ mélòó ni akàn ní, èsì mẹ́ta lẹ máa gbà. Ẹni àkọ́kọ́ á ní mẹ́jọ ni, torí kò ka ọwọ́ ńlá méjì tó wà níwájú mọ́ ẹsẹ̀. Ẹnì kejì á ní mẹ́wàá ni, ó ka ọwọ́ náà mọ́ ọn. Ẹnì kẹta, bó bá jẹ́ ẹni tó ti fi abẹ́rẹ́ tú akàn wò lórí tábìlì rí, á ní 34 ni tó bá jẹ́ abo, 30 tó bá jẹ́ akọ. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ohun tí kálukú ń pè ní ẹsẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lójú. Wọ́n á ṣí ìwé bàọ́lọ́jì, wọ́n á pàdé orúkọ bíi maxilliped (ẹsẹ̀ ẹnu), pereiopod (ẹsẹ̀ ìrìn), pleopod (ẹsẹ̀ ìwẹ̀), á wá dà bíi pé ẹ̀yà ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò bára tan ni wọ́n ní kí wọ́n há sórí. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni, tí ara ẹranko náà ń tún rọ fún iṣẹ́ mìíràn. Alágbẹ̀dẹ á mú irin kan náà, á fi rọ ọkọ́, á fi rọ àdá, á fi rọ ẹ̀mú. Ẹni tí kò bá dé àgbẹ̀dẹ rí ló máa rò pé ibi mẹ́ta ni wọ́n ti wá.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ ra akàn ní Ẹpẹ́. Mo kí ìyá tó ń tà á: “Ẹ kú ọjà o, Màmá, ajé á wọgbá.” Ó dáhùn tán, ó ní, “Akọ lo fẹ́ ni, àbí abo?” Mo ní báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n, ṣebí gbogbo wọn ló jọra. Ìyá fi mí rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀kan tí wọ́n ti fi okùn di ọwọ́ ẹ̀ mọ́ àyà, ó yí i padà, ó wá fi èékánná kan nǹkan pẹlẹbẹ kan láàárín ikùn rẹ̀. “Wo ìdí ẹ̀. Èyí tó rí tín-ín-rín yìí, akọ ni. Èyí tó bá fẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, ìyàwó ilé nìyẹn.”

Ìrù ni ohun tí ìyá fi èékánná kàn yẹn. Akàn ní ìrù, ó kàn ká a mọ́ abẹ́ ni. Màá padà síbẹ̀, torí ìdajì ohun tó máa ń rú èèyàn lójú nípa akàn, abẹ́ ìrù yẹn ló wà.

Ẹ má kọ́kọ́ wo akàn o. Ẹ wá edé tútù ńlá kan tí wọn ò tíì gé orí ẹ̀ kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo funfun. Akàn ti ká ara ẹ̀ jọ, ó ti fi nǹkan púpọ̀ pamọ́. Edé ṣì na ara ẹ̀ gbọọrọ, gbogbo ẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ máa rí i pé apá ẹ̀yìn ẹ̀ pín ní oríkèé-oríkèé, mẹ́fà ni wọ́n. Níwájú, ìkarahun kan ti bo orí àti àyà pọ̀, àmọ́ abẹ́ ìkarahun náà pín bákan náà. Ìpín kọ̀ọ̀kan ló bí méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tẹ́ ẹ bá pe méjì-méjì yẹn ní ìlà kan, tẹ́ ẹ sì kà á láti imú dé ìdí ìrù, ìlà 19 lẹ máa kà: méjì fún irùngbọ̀n, mẹ́fà fún ẹnu, márùn-ún fún ẹsẹ̀ tó fi ń rìn, márùn-ún lábẹ́ ẹ̀yìn tó fi ń wẹ̀, ọ̀kan fún abẹ̀bẹ̀ ìrù. 38 ni gbogbo ẹ̀.

Ẹ fa ọ̀kan yọ nínú àwọn pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn edé. Ẹ máa rí ìdí kan, lẹ́yìn náà ó ya sí ẹ̀ka méjì, bí igi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ. Ẹ̀ka kan wà nínú, èkejì wà níta. Irin tí alágbẹ̀dẹ wa mú nílẹ̀ nìyẹn. Ìdí kan, ẹ̀ka méjì. Ní ibi tí edé ti fẹ́ wẹ̀, ẹ̀ka méjèèjì fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ní ibi tó ti fẹ́ rìn, ẹ̀ka inú gùn, ó le, ó ní oríkèé, ti òde wá joro tàbí kó parẹ́ pátápátá. Ní ibi tó ti fẹ́ jẹun, ìdí gan-an ló wú, ó le bí òkúta, ó di eyín.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohun tí à ń pè ní irùngbọ̀n edé kì í ṣe irun rárá, ìlà méjì àkọ́kọ́ ni. Aáyán ní ìlà kan, aláǹtakùn ò ní nǹkan kan. Ẹranko tó bá ní ìlà méjì, ìdílé akàn àti edé ni kẹ́ ẹ ti lọ wá a. Ìlà àkọ́kọ́ kúrú, góńgó rẹ̀ sì là, òun ni edé fi ń gbóòórùn nínú omi. Ìlà kejì gùn gan-an, ó lè gùn ju ara edé fúnra ẹ̀ lọ, bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà ni edé ṣe ń lò ó.

Ìdí irùngbọ̀n kúkúrú yẹn ní nǹkan kan tó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá ń sọ ọ́. Ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí iyanrìn díẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ibi tí iyanrìn bá tẹ̀ sí nínú ihò náà ni edé fi ń mọ̀ pé ìsàlẹ̀ nìyí. Bó bá pa awọ dà, iyanrìn á bá awọ lọ, edé á tún kó òmíràn sínú ihò náà. Ní 1893, ọmọ ilẹ̀ Ọ́síríà kan tó ń jẹ́ Alois Kreidl dọ́gbọ́n kan. Ó kó edé tó fẹ́ pa awọ dà sínú omi tí kò sí iyanrìn nínú ẹ̀, èérún irin ló dà síbẹ̀. Edé kò mọ̀, ó kó irin sórí. Kreidl wá gbé òòfà dání lókè ẹ̀. Òòfà fa irin sókè, ni edé bá yí gbìrì, ó dojú ikùn kọ òkè, ó gbà pé òun dúró dáadáa. Ẹ̀rí nìyẹn pé inú ìdí irùngbọ̀n ni ìwọ̀n ara edé wà.

Irùngbọ̀n gígùn náà ní iṣẹ́ àṣírí tiẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni ìtọ̀ ti ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni o, iwájú orí ni edé, akàn àti lọ́bístà, ìbátan wọn ńlá inú òkun, ti ń tọ̀. Bí lọ́bístà méjì bá ń jà, wọ́n a máa tọ̀ sí ara wọn lójú, òórùn ìtọ̀ yẹn sì ni èyí tó fìdí rẹmi fi ń dá ẹni tó nà án mọ̀ tí wọ́n bá tún pàdé.

Ó kan ẹnu. Ìlà mẹ́fà ló yí ẹnu ká, ìkan bo ìkan mọ́lẹ̀ bí ewé àlùbọ́sà. Èyí tó wà nínú pátápátá ni eyín tó ń fọ́ nǹkan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiwa ń lọ sókè sódò. Tiwọn ń pàdé láti ọ̀tún àti òsì. Kí ló fà á? Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n, wọ́n kàn ń gbá ara wọn láàárín ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti oúnjẹ sọ́nà, àti ìlà mẹ́ta tí a lè pè ní ẹsẹ̀ ẹnu, torí wọ́n jọ ẹsẹ̀ ju eyín lọ: wọ́n ní oríkèé, wọ́n ń di oúnjẹ mú, wọ́n ń yà á. Lára akàn, ìlà tó kẹ́yìn nínú wọn fẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì pa ẹnu dé bí ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì. Bẹ́ ẹ bá wo akàn láti iwájú tẹ́ ẹ rò pé ẹnu lẹ̀ ń wò, ilẹ̀kùn yẹn lẹ̀ ń wò. (Kò tán síbẹ̀ o. Eyín mìíràn tún wà nínú ikùn wọn tó ń lọ oúnjẹ kúnná. Ìyẹn kì í ṣe ẹsẹ̀, mi ò ní kà á.)

Ọ̀kan wà nínú àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ náà, ìlà karùn-ún láti iwájú, tó ní ewé kan tó ń jù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ láìsinmi. Ewé yẹn ló ń fa omi gba ibi tí akàn fi ń mí, tó ń tì í jáde níwájú. Gbogbo ẹni tó bá ti ra akàn rí ti rí iṣẹ́ ẹ̀ láìmọ̀: ìfófòó tó máa ń yọ lẹ́nu akàn tó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀. Àwọn kan máa ń ní inú ló ń bí i, àwọn mìíràn ní májèlé ló ń pọ̀. Omi tó kù sára ẹ̀ ni ewé yẹn ṣì ń tì, afẹ́fẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ló bá ń hó bí ọṣẹ.

Ibi tó fi ń mí náà, ẹ mọ̀ ọ́n nínú ilé ìdáná. Bẹ́ ẹ bá ṣí ìkarahun akàn, àwọn nǹkan eléérú rírọ̀ tó rí bí ìyẹ́ adìyẹ, tí ìyá yín ní kẹ́ ẹ yọ dànù kẹ́ ẹ tó sọ akàn sínú ọbẹ̀ ilá, òun ni. Ìdí ẹsẹ̀ ni wọ́n so mọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ ìdí ẹsẹ̀. Èyí fi hàn yín pé ẹsẹ̀ ẹranko yìí kì í ṣe ohun ìrìn lásán, ara ohun tó fi ń mí ni.

Wàyí o, ẹsẹ̀ gan-an. Ìlà márùn-ún, ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Ohun tí Latreille ará Faransé fi sọ gbogbo ìdílé yìí lórúkọ ní 1802 nìyẹn, Decapoda, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá. Nítorí náà ẹnì kejì inú ìtàn wa, ẹni tó ní mẹ́wàá, bá àwọn ọ̀mọ̀wé sọ̀rọ̀ dọ́gba: ọwọ́ ńlá akàn, ẹsẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká rí i bó ṣe jẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ka ìpín ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn láti ìdí dé góńgó, ìpín méje ló yẹ kẹ́ ẹ kà, àmọ́ lára akàn, ìkejì àti ìkẹta ti lẹ̀ pọ̀. Ìpín keje ni góńgó ṣóńṣó tó ń gún ilẹ̀. Ó dáa. Ẹ wá mú ọwọ́ ńlá. Ìka méjì ló ní. Ìka kan ń mì, ìka kan kì í mì. Èyí tó ń mì ni ìpín keje, góńgó ẹsẹ̀ kan náà tí à ń sọ yẹn. Èyí tí kì í mì ni ìpín kẹfà tó kọ̀ tí kò dúró níbi tó yẹ kó parí sí, ó na ara ẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkeje títí wọ́n fi dojú kọra. Bí ẹsẹ̀ ṣe di ẹ̀mú nìyẹn. Kò fi nǹkan tuntun kankan kún un.

Bẹ́ ẹ bá se akàn lónìí, ẹ má tíì fọ́ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ di ìka tó ń mì mú, ẹ rọra yí i, ẹ fà á yọ. Nǹkan funfun pẹlẹbẹ kan á tẹ̀ lé e jáde látinú ẹran, ó rọ̀ díẹ̀ bí ike. Ibẹ̀ ni ẹran ọwọ́ so mọ́, torí akàn ò ní egungun nínú, ìkarahun ni egungun ẹ̀. Tí ìka náà bá ṣì wà ní ààyè ẹ̀ tẹ́ ẹ bá fa pẹlẹbẹ ńlá yẹn láti ẹ̀yìn, ẹ̀mú á pa dé. Òmíràn tó kéré jù ú wà lódìkejì, tẹ́ ẹ bá fa ìyẹn, ẹ̀mú á là. Ọmọdé tí kò bá tíì fi èyí ṣeré rí, ẹ ti jẹ ẹ́ níyà. Ẹ wò ó bí ti pípa-dé ṣe tóbi tó, tí ti lílà sì kéré. Ẹran tó ń pa ẹ̀mú dé pọ̀ gan-an, èyí tó ń là á ò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí rọ́bà kékeré kan fi tó láti sé ọwọ́ lọ́bístà tó lè fọ́ ìkarahun ìgbín omi. Okùn ìyá Ẹpẹ́ náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Àwọn tó mọ ẹja tà máa ń dá edé, lọ́bístà àti akàn mọ̀ lójú kan, àmọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ka iye ìlà tó ní ẹ̀mú. Akàn, ìlà kan péré. Edé ńlá inú odò àti ọ̀sà wa, èyí tí akọ ẹ̀ ní apá gígùn méjì gbọọrọ, tí wọ́n ń pè ní Macrobrachium, ìlà méjì, apá gígùn náà sì ni ìkejì. Edé òkun tí wọ́n ń kó sínú yìnyín ránṣẹ́ sí òkè òkun, ìlà mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ kéré. Lọ́bístà àwọn ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ìlà mẹ́ta náà ni, àmọ́ ti àkọ́kọ́ tóbi bí ìbọ̀wọ́ akànṣẹ́. Lọ́bístà tiwa tó ń gbé inú òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó kún fún ẹ̀gún, kò ní ẹ̀mú ńlá kankan. Irùngbọ̀n ẹ̀ ló fi ń jà.

Ọ̀rọ̀ kirefíìṣì ńkọ́? Èyí ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú lókè òkun. Crayfish tí òyìnbó mọ̀, ẹranko inú omi tútù ni, ó rí bíi lọ́bístà kékeré, ọwọ́ ẹ̀ ńlá. Kirefíìṣì tí à ń lọ̀ sínú ọbẹ̀, edé wẹ́wẹ́ etí òkun àti ẹnu odò ni, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Nematopalaemon hastatus. Nítorí náà, ẹni tó bá wà ní London tó lọ ra crayfish inú ìgò láti fi se ẹ̀fọ́, kó má bínú sí ẹni tó tà á. Edé tí Yorùbá pè é látilẹ̀ ló tọ̀nà.

Ẹ tún wo ìlà karùn-ún ẹsẹ̀ akàn ọ̀sà, èyí tó gbẹ̀yìn. Góńgó ẹ̀ kì í ṣóńṣó bí ti àwọn tó kù, ó fẹ̀ pẹlẹbẹ, ó rí roboto bí ẹnu àjẹ̀. Àjẹ̀ náà ni. Akàn yìí, Callinectes, ń fi í tukọ̀ ara ẹ̀ nínú omi. Akàn kejì wà tó ń gbẹ́ ihò sí ẹ̀bá ọ̀sà, tí ẹ̀yìn ẹ̀ rí bí aṣọ aláró tí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì pọ́n, ìyẹn Cardisoma. Ẹ wo ẹsẹ̀ ìkẹyìn tiẹ̀: ṣóńṣó bíi ti àwọn yòókù, torí orí ilẹ̀ ló ń sáré. Bẹ́ ẹ bá rí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nílẹ̀ nínú àwo, ẹ ti lè mọ ibi tí olówó ẹ̀ ń gbé.

Ìdí tí akàn fi ń rìn gbẹ̀gbẹ́ náà ò ju oríkèé lọ. Èjìká tiwa lè yí ká. Oríkèé akàn dà bí ilẹ̀kùn, ibì kan péré ló ń ṣí sí. Ara ẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde láti ẹ̀gbẹ́, orúnkún tó lágbára jù sì ń ká sínú, ó ń nà síta, kì í lọ síwájú sẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ apá kan bá nà, tí ti apá kejì ká, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbé e lọ. Ó lè rìn síwájú tó bá wù ú, ó kàn máa falẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ yẹn tún ń tọ́ nǹkan wò: góńgó ẹ̀ mọ adùn oúnjẹ kí ẹnu tó kàn án.

Nínú ẹrẹ̀ etí omi, akàn kékeré kan wà tí akọ ẹ̀ ní ọwọ́ kan tó tóbi tó ìdajì ara ẹ̀, èkejì wá rí bíńtín. Ó ń ju ọwọ́ ńlá náà sókè sódò bí ẹni ń pe ọkọ̀ dúró. Abo ló ń pè. Ọwọ́ bíńtín ló fi ń bu ẹrẹ̀ sẹ́nu. Abo ní bíńtín méjì, ó sì ń jẹun kíá jù ú lọ. Edé kan tún wà, Alpheus, tó ń pa ẹ̀mú ńlá ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, táá dún bí ìgbà tí ẹ̀ka igi gbígbẹ ṣẹ́. Ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti rò pé ìka méjì tó gbá ara wọn ló ń dún. Ní 2000, wọ́n fi kámẹ́rà tó yára gan-an wò ó, wọ́n rí i pé omi tó tú jáde láàárín ìka ló ń bí ìfófòó kan, bíbẹ́ ìfófòó yẹn ló ń dún.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí pé mo délé, mo tú akàn sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀kan ti já. Mo ti ń bínú pé wọ́n rẹ́ mi jẹ nínú ọjà, àṣé inú ike tí mo gbé e sí ló ti já a fúnra ẹ̀. Bí akàn bá rí i pé ọwọ́ ti há, á já a sílẹ̀, á sá. Kì í ṣe pé ó ya. Nítòsí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ìpín kejì àti ìkẹta ti lẹ̀ pọ̀ yẹn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ara ti pèsè sílẹ̀ fún kíkán. Ẹran kan wà tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ kó fà á títí yóò fi kán síbẹ̀, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì ti wà lẹ́yìn ìlà náà tó ń dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ ò ní pọ̀. Lẹ́yìn náà, èéhù kékeré á yọ níbẹ̀, ẹsẹ̀ tuntun á ká sínú ẹ̀ bí ewé tí kò tíì ṣí. Ìgbà tí akàn bá pa awọ dà ló máa tó nà án. Á kọ́kọ́ kéré, ó di ìgbà tó bá tún pa awọ dà bíi mélòó kan kó tó bá ìkejì dọ́gba. Nítorí náà akàn tí ọwọ́ kan tóbi tí èkejì kéré nínú ọjà, kì í ṣe abirùn. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan rí ni. Ní Florida, wọ́n fi àbùdá yìí ṣòwò: akàn kan wà níbẹ̀ tí òfin ní ọwọ́ ẹ̀ nìkan ni kí apẹja mú, kó dá akàn padà sómi.

Ká tó padà sí ìdí akàn, ẹ wo ìdí edé. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, ìkọkàndínlógún, ló tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ góńgó ìrù tó di abẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba edé, á ká ìrù mọ́ ikùn wìì, abẹ̀bẹ̀ yẹn á gbá omi, edé á fò sẹ́yìn. Akàn ti pa ìlà yìí rẹ́, torí kí ló fẹ́ fi abẹ̀bẹ̀ ṣe lábẹ́ ikùn? Ó wá ku ìlà márùn-ún tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn. Abo akàn fi mẹ́rin sílẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ ṣí ìdérí ìkòkò ìyá Ẹpẹ́ yẹn, ẹ máa rí wọn, wọ́n ṣì la sí méjì-méjì, irun wà lára wọn, ara irun yẹn ni ẹyin máa ń so mọ́ bí èso títí yóò fi pa. Ìdí tí ìrù abo fi fẹ̀ nìyẹn, ó ń bo ọmọ. Akọ ò ní ẹyin tó fẹ́ bò. Méjì péré ló kù nínú tiẹ̀, wọ́n sì ti di ọ̀pá líle tó fi ń fi àtọ̀ fún abo. Ìlà 13 láti irùngbọ̀n dé ẹsẹ̀ ìkẹyìn, ẹ fi mẹ́rin kún un, 17. Ìlọ́po méjì ẹ̀ ni 34. Ti akọ, ẹ fi méjì kún 13 yẹn, 15, ìlọ́po méjì ẹ̀ ni 30.

Ẹlòmíràn lè ní, ta ló sọ pé ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n, ṣé kì í ṣe àfiwé tiyín ni? Ní 1997, onímọ̀ méjì, Michalis Averof àti Nipam Patel, wo jíìnì kan (àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú ara) tó ń jẹ́ Ubx nínú ọlẹ̀ oríṣiríṣi ẹranko ìdílé yìí. Ìpín àyà tí Ubx bá ti ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ló ń hù níbẹ̀. Ìpín àyà tí kò bá ti ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹnu ló ń hù. Nígbà tó di 2016, wọ́n lo ọgbọ́n tuntun tí wọ́n fi ń gé jíìnì, wọ́n pa Ubx lára ẹranko omi wẹ́wẹ́ kan tó ń jẹ́ Parhyale. Àyà tó yẹ kó hu ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnu ló hù. Irin kan náà ni alágbẹ̀dẹ mú dání, àṣẹ tí wọ́n fún un ló yí padà.

Ó ku ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, Yorùbá ti rí i tipẹ́ pé orí ọ̀pá ni ojú ẹ̀ wà, ó ní oríkèé nísàlẹ̀, ó ń yí, ó sì ń wọlé sínú ihò tẹ́ ẹ bá na ọwọ́ sí i. Ṣé ẹsẹ̀ lòun náà ni? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí kò kà á mọ́ ọn, ìyẹn ló jẹ́ kí n dúró sí 34. Àmọ́ iyàn pọ̀ lórí ẹ̀ láyé ọjọ́un, Curt Herbst ará Jámánì sì fi epo sí iná náà ní 1896. Ó gé ojú edé. Bó bá gé góńgó nìkan, ojú tuntun ló ń hù. Bó bá gé ọ̀pá náà láti ìdí, pẹ̀lú kókó iṣan tó wà nínú ẹ̀, kì í ṣe ojú ló ń hù padà. Irùngbọ̀n ló ń hù, ní ibi tí ojú wà.